Káàdì Wà Lọ́wọ́, Ìtọ́jú Ò Dé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo wa, torí kò sí ilé tí àìsàn kì í yà. Adójútòfò ìlera ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn owó tí à ń san sílẹ̀ nígbà tí ara le, kí wọ́n lè tọ́jú wa nígbà tí ara ò bá yá. Mo fẹ́ sọ ìdí tí inú fi ń bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní káàdì rẹ̀ lápò, kí n sì sọ ohun tí mo gbà pé ó yẹ kí ìjọba ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àjọ ló rí. Nínú àjọ, owó tí o bá dá ni wàá kó. Ti adójútòfò yàtọ̀. Gbogbo wa la jọ ń dáwó, ẹni tí àìsàn bá kọlù nìkan ló ń kó o. Ẹni tí ara rẹ̀ le láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí kò ní kó kọ́bọ̀, ọpẹ́ ló sì yẹ kó máa dá. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lè kó ìlọ́po ogún ohun tó san. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Bí àwọn tó ń dáwó bá ṣe pọ̀ tó ni ẹrù náà ṣe ń fúyẹ́ tó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá kéré, tàbí tó bá jẹ́ pé àwọn tí ara ń ni nìkan ló wọ inú rẹ̀, ètò náà á wó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ní Nàìjíríà, ọdún 1999 ni ìjọba ológun ṣe òfin tó dá ètò adójútòfò ìlera sílẹ̀, àmọ́ ọjọ́ 6 oṣù June ọdún 2005 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó ṣí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò ó ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan tí à ń pè ní HMO, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti aládàáni, ni yóò wà láàárín owó àti ọsibítù. Àwọn ni wọ́n á máa sanwó fún ọsibítù, àwọn ni wọ́n á máa sọ ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọn ò gbà. Àwọn HMO yìí kan náà ló ń ta ètò tiwọn fún báńkì, fún ilé-iṣẹ́ epo, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó rẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ètò ti ìjọba, orúkọ òṣìṣẹ́, ti ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ oògùn fún un, ìdá 10 nínú 100 owó oògùn náà ló máa san. Lórí ìwé, nǹkan dáadáa ni.

Ẹ bá mi ká lọ sí ọsibítù báyìí. Mi ò ní dárúkọ èyí tí mo ń wí, torí ohun tí mo rí níbẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀. Tábìlì kan wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ògiri lókè rẹ̀, wọ́n kọ HMO sí i. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù méjì àti ìwé ńlá kan tó fi rúlà pín. Ìyá kan, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, jókòó níwájú rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó jábọ́ lórí igi máńgòrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ìborùn gbé apá rẹ̀ kọ́rùn. Dókítà ti kọ ọ́ pé kí wọ́n ya èkísíréè apá náà. Ẹ̀rọ èkísíréè wà ní yàrá kejì. Ẹni tó ń lò ó wà níbẹ̀. Iná wà. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí HMO gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ láti fi hàn pé òun ti gbà láti sanwó. Bí nọ́ńbà yẹn ò bá dé, ọsibítù ò ní rí owó gbà.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà pè, wọn ò gbé e. Ó fi ímeèlì ránṣẹ́. Ó tún pè, orin ni wọ́n ń kọ sí i létí. Ọ̀sán pọ́n, kóòdù ò dé. Ìyá náà ò pariwo, ó kàn ń béèrè lóòrèkóòrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, ṣé kóòdù ti wọlé?" Ọmọ náà ti dákẹ́ ẹkún, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ tú àpò, ó ka owó, ó san owó èkísíréè fúnra rẹ̀. Gbogbo owó tí wọ́n ti ń san lórí rẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá, kò ṣiṣẹ́ fún un lọ́jọ́ náà.

Ní ọdún 2025, NHIA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò yìí, pàṣẹ pé HMO kò gbọ́dọ̀ lò ju wákàtí kan lọ kó tó fi kóòdù ránṣẹ́. Mo yin àjọ náà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tó mú kí àṣẹ bẹ́ẹ̀ pọn dandan. Mi ò sọ pé ìkà ló kún HMO. Mo mọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n lójú àánú, tí wọ́n ń gbé fóònù lóru nítorí aláìsàn. Ọ̀rọ̀ náà ju ìwà ẹnì kan lọ. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ń wá èrè, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wá a. Nínú òwò ti adójútòfò, owó tí wọn ò bá ná lórí aláìsàn ló ń di èrè. Bí kóòdù bá pẹ́ títí aláìsàn fi fi owó ara rẹ̀ sanwó, HMO ò pàdánù ohunkóhun. Bí dókítà bá ní kí wọ́n ya ọpọlọ aláìsàn wò, tí ẹni tó wà lórí fóònù ní Èkó tí kò rí aláìsàn rí bá ní kò pọn dandan, owó kan ti dúró sápò nìyẹn. A ti gbé ìpinnu lórí ara ẹni tó ń ṣàìsàn fún ẹni tó ń jèrè bí ìpinnu náà bá jẹ́ rárá. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí àṣìṣe náà.

Ohun mìíràn wà tó ń bí àwọn èèyàn nínú, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ò mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ẹ máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Bí mo bá ti yọ káàdì, ojú nọ́ọ̀sì á yí padà." Ẹni tó mú owó gidi wá á kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tó mú káàdì wá á gba oògùn ibà àti paracetamol, wọ́n á sì kọ ìyókù fún un sórí ìwé pé kó lọ rà á níta, oògùn ti tán. Ẹ jẹ́ ká wo owó tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọsibítù tí o forúkọ sílẹ̀ sí, iye kan pàtó ni wọ́n ń san fún un lórí rẹ lóṣooṣù, o wá o, o ò wá o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, náírà 750 ni. Náírà 750 lóṣù kan! Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, owó yẹn ò ra líta bẹntiróò kan. Inú rẹ̀ ni dókítà ti máa rí ọ, inú rẹ̀ ni wọ́n ti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, inú rẹ̀ ni oògùn ti máa jáde. NHIA ti sọ ọ́ di náírà 1,450 báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù, ẹ̀yin náà mọ ohun tí náírà 1,450 lè rà. Nítorí náà, ọsibítù náà ń ṣírò tirẹ̀. Gbogbo ìgbà tí o bá wá, owó ló ń jáde lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí o ò bá wá ni wọ́n ń rí díẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì tó fajú ro sí ọ, ètò ló kọ́ ọ.

Àwọn tó ra ètò tiwọn lọ́wọ́ aládàáni náà ní ẹjọ́ láti rò. Wọ́n pín in sí ìpele ìpele, kékeré, àárín àti ńlá. Ẹ̀yìn ìgbà tí aláìsàn bá ti dùbúlẹ̀ ló máa ń mọ̀ pé ìpele tí òun rà ò dé ibi tí àìsàn òun wà. Aboyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n á ní ó di lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹni tí àìsàn kan ti wà lára rẹ̀ kó tó forúkọ sílẹ̀, wọ́n lè yọ àìsàn náà kúrò. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n á sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po, tàbí kí wọ́n dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ẹni tó fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 28. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ra adójútòfò fún un. Ó lo ọgbọ̀n ọdún àti díẹ̀ níbẹ̀, kò fẹ́ẹ̀ ṣàìsàn rárá. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi tọ́jú àwọn mìíràn, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Lọ́jọ́ tó pé ọdún 60, wọ́n ṣe àpèjẹ, wọ́n fún un ní aago ara ògiri, wọ́n gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún kejì, ẹ̀jẹ̀ ríru dé. Ọdún kẹta, ìtọ̀ ṣúgà tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ara rẹ̀ le ni wọ́n ń gba owó lórí rẹ̀. Ìgbà tí ara ń wó ni wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ ń bẹ ládùúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ọ̀dọ̀ yín.

Bí àìsàn náà bá wá wọ kídìnrín ńkọ́? Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àyàfi tó bá rí kídìnrín ẹlòmíràn gbà. Kò sí owó oṣù tó lè dá èyí gbé. Ọ̀pọ̀ ètò adójútòfò ló fi òpin sí iye ìgbà tí wọ́n máa san án. Ní oṣù August ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ gé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ láti náírà 50,000 sí náírà 12,000 ní àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan. UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti FMC Abẹ́òkúta wà lára wọn. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ. Síbẹ̀ ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ jẹ́ náírà 36,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ náírà 144,000. Náírà 70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Ìdínkù náà kò gba ọwọ́ HMO kankan kọjá. Owó gbogbo wa ni ìjọba gbé lé e, aláìsàn dé ọsibítù, wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní iye tuntun. Kò retí kóòdù.

Títí di ibi tí a dé yìí, àwọn tó ní káàdì ni mo ń sọ. Wọn ò pọ̀. Nígbà tí ìjọba ṣe ìwádìí nípa ìlera àwọn ará ìlú ní ọdún 2018, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, àwọn 97 ni kò ní adójútòfò kankan. Iye náà ti gòkè díẹ̀ láti ìgbà náà, àmọ́ títí di òní, bí a bá kó ọmọ Nàìjíríà mẹ́wàá jọ, agbára káká ni ẹnì kan nínú wọn fi máa ní i. Ìdí rẹ̀ ò fara sin. Owó oṣù ni wọ́n fi ń dá ètò yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wa ò sì gba owó oṣù. Alátà Bódìjà ò gba owó oṣù. Fọganáísà, télọ̀, ọlọ́kadà, àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, ta ló máa yọ owó nínú owó oṣù wọn? Nígbà tí àìsàn bá dé, àpò ara wọn ni wọ́n ń tú. Nínú gbogbo owó tí a ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, nǹkan bí 70 nínú 100 ló ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde tààrà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń tà. Ọmọ ni wọ́n ń yọ nílé ẹ̀kọ́. Àwọn kan á kọ́kọ́ fi àgbo gbìyànjú, ìgbà tí wọ́n bá fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọwọ́ ti bọ́.

Àwọn àgbà tó ń gbọ́ mi á rántí pé ilẹ̀ yìí ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn rí. Nígbà ayé Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní ìwọ̀ oòrùn, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún 18 lọ di ọ̀fẹ́. Nígbà tó di ọdún 1979, ẹgbẹ́ UPN tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ gba ìjọba ìpínlẹ̀ márùn-ún, Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó àti Bendel, wọ́n sì kéde ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún gbogbo ará ìlú. Jákàńdè, Bọ́lá Ìgè, Ọnàbánjọ, Ajásin àti Alli ni gómìnà wọn. Ó láṣìṣe tirẹ̀. Èrò pọ̀, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, oògùn a máa tán. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń béèrè lọ́wọ́ aboyún pé èló lo mú wá kó tó gun bẹ́ẹ̀dì. Ìparí ọdún 1983 ni ológun gbàjọba. Ní ọdún 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bamako, wọ́n gbà pé kí aláìsàn máa sanwó oògùn kí wọ́n lè fi owó náà ra òmíràn. Láti ìgbà náà, san-kí-o-tó-gbà ni à ń bá yí, ọmọ tí wọ́n bí ní àkókò yẹn ti di ìyá àti bàbá báyìí láìmọ ohun mìíràn.

Àwọn aládùúgbò wa ní Ghana jìyà irú rẹ̀. Àwọn náà ní san-kí-o-tó-gbà láti ọdún 1985. Ní ọdún 2003, lábẹ́ Ààrẹ John Kufuor, wọ́n ṣòfin adójútòfò ti orílẹ̀-èdè. Ohun tó gbọ́n jùlọ nínú rẹ̀ ni ibi tí owó ti ń wá. Wọn ò dúró de owó oṣù nìkan. Wọ́n fi owó orí ìdá 2.5 nínú 100 lé ọjà tí èèyàn ń rà, wọ́n ní ti ìlera ni. Ẹni tó ra mọ́tò ńlá sanwó ńlá, ẹni tó ra ọṣẹ san táṣẹ́rẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, aboyún, àti àgbàlagbà tó ti lé ní ọdún 70 kò san owó adójútòfò ọdọọdún láti wọ inú rẹ̀. Ó ní ìṣòro o. Ìjọba wọn a máa fi owó náà falẹ̀, ọsibítù a sì máa retí gbèsè fún oṣù púpọ̀. Síbẹ̀, àwọn tó wà lábẹ́ ètò wọn ju ìdajì àwọn ará ìlú lọ, tiwa ò sì tíì sún mọ́ ọn.

Ẹ tún wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n jápa pọ̀ sí. Adójútòfò òṣìṣẹ́ ni àwọn náà fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1911, Lloyd George, mínísítà ìnáwó wọn nígbà náà, ṣòfin pé kí òṣìṣẹ́ máa dá pẹ́ẹ́nì mẹ́rin lọ́sẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ fi mẹ́ta kún un, kí ìjọba fi méjì kún un. Òṣìṣẹ́ náà rí dókítà. Ìyàwó rẹ̀ nílé ò rí, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ọdún 37 kí wọ́n tó tún un ṣe. Aneurin Bevan ló ṣe é, ọmọ awakùsà láti ìlú Tredegar ní Wales, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń dáwó jọ láti gba dókítà tó ń tọ́jú gbogbo ìlú. Nígbà tó di mínísítà ìlera, ó fẹ́ kí orílẹ̀-èdè lápapọ̀ rí bíi Tredegar. Àwọn dókítà fúnra wọn takò ó. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà ní oṣù February ọdún 1948, nínú dókítà mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án tó ní àwọn ò fẹ́. Ọjọ́ 5 oṣù July ọdún yẹn, ètò ìlera orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní NHS bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ àwọn dókítà náà sì wọ inú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn wú mi lórí púpọ̀. Kó tó di ìgbà náà, tálákà tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa á lọ sí ilé ìtajà Woolworths, á máa gbé àwò ojú wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi rí èyí tó lè fi kàwé. Láàárín ọdún àkọ́kọ́ tí NHS bẹ̀rẹ̀, ó ju mílíọ̀nù márùn-ún àwò ojú lọ tí wọ́n fún àwọn èèyàn. Ìjọba ò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn èèyàn wọ̀nyí ti wà níbẹ̀ tipẹ́, tí wọn ò ríran, torí wọn ò lówó. Mélòó ló wà ní Ìbàdàn báyìí, ní Òṣogbo, ní Àkúrẹ́, tó rò pé ogbó ló dé sí òun, tó sì jẹ́ pé àwò ojú lásán ló máa yanjú rẹ̀?

Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún lónìí ń san tiwọn. Láti oṣù February ọdún 2024, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń gba físà láti lọ ṣiṣẹ́ ńbẹ̀ ń san pọ́n-ùn 1,035 fún ọdún kọ̀ọ̀kan nítorí NHS. Owó gọbọi ni, ó sì ń dùn wọ́n. Àmọ́ bí wọ́n bá ti dé, tí ìyàwó bá ń rọbí, wọ́n á lọ bímọ, wọ́n á gbé ọmọ wálé, ẹnikẹ́ni ò ní gbé bíìlì lé wọn lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé NHS ní àléébù. Ìtọ́jú tí àwọn èèyàn ń dúró dè ní England lé ní mílíọ̀nù méje nígbà tó le jù, ẹni tó nílò iṣẹ́ abẹ orúnkún lè fi ìrora ṣe ọdún kan. Ìdúró ò dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ wà nínú ewu jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú wọlé níbẹ̀, èló ló wà lápò rẹ̀ kọ́ ló ń sọ ọ́.

Amẹ́ríkà ni àwọn kan á máa tọ́ka sí láti fi hàn pé ti aládàáni ló dára. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń náwó lórí ìlera tó Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ẹ̀mí wọn ò gùn tó ti ará Kánádà tàbí ti ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù 26 èèyàn ni kò ní adójútòfò níbẹ̀. Ẹni tó ní in, tí ibi iṣẹ́ ń bá a san án fún ìdílé rẹ̀, owó náà tó dọ́là 25,572 ní ọdún 2024, bá a bá da ti agbanisíṣẹ́ àti ti òṣìṣẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á tún fi owó ara rẹ̀ san ẹgbẹ̀rún dọ́là kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í san tiwọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín tó wà ní Houston, wọ́n á sọ fún yín.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ nílé báyìí. Wọ́n ní, "Ṣé ìjọba yìí náà lẹ fẹ́ kó owó ìlera fún? Wọ́n á jẹ ẹ́." Ẹ̀rù yẹn ń ba èmi náà, ẹni tí kò bá sì bà ní Nàìjíríà kò gbé ibí. Ṣùgbọ́n à ń sanwó náà báyìí. Lójúmọ́ tó mọ́ lónìí, a san án níbi káńtà ọsibítù, a san án ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, a san án fún ẹni tó ta oògùn ayédèrú. Owó náà ti ń jáde tẹ́lẹ̀, ọ̀nà tó burú jù ló ń gbà jáde, ọwọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn nìkan ló sì ń ti wá. Owó tó bá gba àpò kan ṣoṣo kọjá, tí iye rẹ̀ wà nínú òfin, a lè tọpa rẹ̀. Owó tí ìyá ọmọ yẹn tú lápò, ta ló lè tọpa rẹ̀?

Òfin tí a nílò ti wà dé ibì kan. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ọsibítù kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì, ohun yòówù kó jẹ́ ìdí rẹ̀. Òfin kan náà sọ pé ó kéré tán, ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọlé sápò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sínú àpò ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n tó kọ́kọ́ gbé owó sí i nínú ìṣúnná. Ọdún mẹ́rin gbáko! Ní oṣù May ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, tó sì ní kí wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára. Dandan lórí ìwé ò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ìlérí tí àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ní Abùjá nínú oṣù April ọdún 2001, pé àwọn á máa ya ìdá 15 nínú 100 ìṣúnná sọ́tọ̀ fún ìlera, Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò ò tíì mú un ṣẹ lọ́dún kankan.

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí, mo sì ń sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Kí ìjọba sọ ìdá 1 yẹn di ìdá 2, ó kéré tán. Kí náírà mẹ́wàá tí wọ́n ń gbà lórí líta ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò aládùn kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2022 máa lọ tààrà sínú àpò ìlera, torí ṣúgà wà lára ohun tó ń gbé ìtọ̀ ṣúgà wá. Kí wọ́n ya díẹ̀ nínú owó orí ọjà sọ́tọ̀ bí ti Ghana. Kí ọmọdé, aboyún, àti àgbà tó ti lé ní ọdún 60 máa gba ìtọ́jú láìsan kọ́bọ̀, láìmú káàdì HMO lọ́wọ́. Bí HMO bá fẹ́ máa ta yàrá tó ní amúlétutù fún ẹni tó lówó, kò burú. Ìpinnu pé kí wọ́n ya èkísíréè apá ọmọ tó kán ò gbọ́dọ̀ sí lọ́wọ́ wọn.

Kí a tó dé ibẹ̀, iṣẹ́ kan wà fún ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Láti inú àpò ìtọ́jú ìpìlẹ̀ tí mo sọ yẹn, owó ń lọ sí àwọn ilé ìwòsàn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nínú ètò náà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nǹkan bíi náírà 300,000 ló jẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti fi kún un. Oògùn, ìmọ́tótó àti àtúnṣe ló wà fún. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù yín ló yẹ kó máa bá wọn mójú tó o. Ẹ wá ilé ìwòsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù yín lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kí nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ dáadáa, torí iṣẹ́ ń pa á. Ẹ bi í bóyá owó náà dé ní oṣù mẹ́ta tó kọjá, ẹ béèrè orúkọ àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, kí ẹ sì lọ sí ìpàdé wọn tó ń bọ̀. Bí wọn ò bá ní ìpàdé, ẹ pè é. Aṣòfin tó bá sì wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, kó tó fún yín ní ìrẹsì, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìdá mélòó ló máa dìbò fún nínú àpò ìlera, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ níwájú èrò.